Pátákó Iwájú Ilé Oúnjẹ Oyèrónkẹ́

17 March, Ọjọ́ Ajé

Òní ni Oyèrónkẹ́ fi ìwé sílẹ̀ pé òun fẹ́ gba láísẹ́ńsì ọtí fún ilé oúnjẹ rẹ̀. Inú mọ́tò ló ti pè mí. "Daddy, wọ́n ti gba ìwé wa o! Ó ku ìpàdé àdúgbò, lẹ́yìn náà ó ku ìgbìmọ̀ ìlú tó ń fúnni ní láísẹ́ńsì." Mo ní kí Olúwa ṣe é ní àṣeyọrí. Mo gbé fóònù sílẹ̀ tán ni mo wá bi ara mi pé irú àdúrà wo ni èmi díákónì gbà yẹn, èmi tí n kò fi ọtí kan ẹnu láti ọjọ́ tí mo ti ṣe ìrìbọmi.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ọmọ náà ń sọ. Lọ́sàn-án, èrò máa ń pọ̀. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wọlé, wọ́n á jókòó, wọ́n á béèrè bíà tàbí wáìnì. Salimat tó ń bá a dáná á ní kò sí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dìde lọ sí ibòmíràn. Oyèrónkẹ́ ti sọ pé bí ọjà alẹ́ kò bá gbérí kí àdéhùn ṣọ́ọ̀bù tó parí ní ìparí August, òun ò ní lè tún un ṣe mọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alẹ́ ló máa padà sí nìyẹn, èyí tó fẹ́ ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ nígbà kan. N kò fẹ́ tún rí i kí ó máa fi ọwọ́ di ìbàdí sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní ìdájí.

Lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi páìnì ti bo gbogbo mọ́tò ní Lithonia tí a ń gbé ní ilẹ̀ òyìnbó yìí, bí ẹni fi gààrí pupa wọ́n wọn. Imú mi ti dí.

19 March, Ọjọ́rú

Mo béèrè lọ́wọ́ Oyèrónkẹ́ bóyá ó buwọ́ lu gbogbo ojú ìwé tó fi sílẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí a jẹun alẹ́ tán mo tún béèrè. Ó ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́."

22 March, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Wọ́n gbé pátákó ìkéde wá. Òfin ni. Ó gbọ́dọ̀ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù títí di ọjọ́ ìpàdé àdúgbò, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ lè mọ̀. Ó ga tó àyà mi, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè, wọ́n sì fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ sí i lára pé ọtí líle, bíà àti wáìnì ni a fẹ́ máa tà níbí. Ẹni tó wà nínú mọ́tò tó ń sáré lè kà á.

Salimat jáde wá wò ó, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun. "Bàbá, ẹ gbọ́ ná. Aunty ò mutí. Ẹ̀yin díákónì, ẹ ò mutí. Èmi Mùsùlùmí, mi ò mutí. Ta ló máa bá wa tọ́ ọ wò ká tó gbé e fún oníbàárà?"

Oyèrónkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀la ni ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn ni àwọn ará ìjọ máa ń wá jẹun níbí.

23 March, Ọjọ́ Àìkú

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, èmi àti Oyèrónkẹ́ tètè dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kí ó lè gbé ìkòkò kaná, kí Díákónì Akíntóyè sì wá fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ sí ìsìn. Díákónì Akíntóyè ni ọ̀rẹ́ mi nínú ìjọ. Ọkùnrin rere ni, ṣùgbọ́n ó le. Ní oṣù tó kọjá ló sọ nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pé ẹni tó ń ta ọtí àti ẹni tó ń mu ún, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń rìn.

Nígbà tí mo rí i pé ó kù díẹ̀ kí ó dé, ọkàn mi kò gbà á. Mo mú aṣọ tábìlì funfun kan nínú èyí tí Salimat ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, mo dà á bo pátákó náà. Oyèrónkẹ́ wà nínú ilé ìdáná lẹ́yìn, kò rí mi. Salimat rí mi.

"Bàbá, ẹ̀ ń sá aṣọ lórí òfin?"

Mo ní kí ó lọ wo ìrẹsì rẹ̀ kí ó má jóná.

Akíntóyè dé, a lọ, a bọ̀, òun àti àwọn ará jẹun, wọ́n lọ. Kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan. Ní ìrọ̀lẹ́ mo ká aṣọ náà.

30 March, Ọjọ́ Àìkú

Mo tún bò ó. Ẹyin ti gbówó lérí kọjá ohun tí ènìyàn lè fi ẹnu sọ. Oyèrónkẹ́ ti yọ ọ́ kúrò nínú mọ́ínmọ́ín.

2 April, Ọjọ́rú

Obìnrin kan ń gbé nínú ilé aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni, ibí ni wọ́n bí i, ibí ni wọ́n bí ìyá ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sin òrìṣà, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ nínú ẹ̀sìn náà ni Ọ̀ṣunlọlá. Bọ́ọ̀sì ìlú ló ń wà. Lónìí ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀, ó rí mi lẹ́bàá ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ kọnkéré. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá." Aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù. Mo dá a lóhùn pé káàárọ̀, ọmọ mi. Àwọn ọmọ ìjọ wa tí a bí síbí, ọwọ́ ni wọ́n ń jù sí mi láti òkèèrè.

Ó wo pátákó náà dáadáa, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.

6 April, Ọjọ́ Àìkú

Òjò. Aṣọ funfun tó bá tutù, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló máa ń fi hàn. Bí mo ti dà á bò ó ni àwọn lẹ́tà pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ojú síta bí egbò. Mo sáré wọlé mú aṣọ aláwọ̀ búlúù tó nípọn wá, mo tún dà á lé e, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e. Ẹ̀yìn mi ń ro mí. Nígbà tí mo nà ró, ẹnì kan dúró ní òdìkejì títì pẹ̀lú agbòjò, ó gbé fóònù rẹ̀ sókè. Agbòjò náà bo ojú rẹ̀, n kò mọ ẹni tó jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ó máa wo aago.

7 April, Ọjọ́ Ajé

Kì í ṣe aago ló ń wò.

N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Ọkàn mi ló ń sọ ọ́.

10 April, Ọjọ́bọ̀

Mo fẹ́ kọ ọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Gbọ̀ngàn ilé ìkàwé ni wọ́n ti ṣe ìpàdé àdúgbò. Ọ̀gbẹ́ni George tó jẹ́ alága jẹ́ arúgbó bíi tèmi, ohùn rẹ̀ sì tutù. Oyèrónkẹ́ dìde, ó sọ ẹni tó jẹ́, ó sọ oúnjẹ tó ń sè, ó ní ọtí tí òun fẹ́ máa tà kò kọjá èyí tí ènìyàn fi ń jẹun. Àwọn kan ti ń mi orí pé ó dára. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ìrẹsì rẹ̀ ló ń mú òun la ọ̀sẹ̀ já. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Ìgbà náà ni Ọ̀ṣunlọlá dìde láti ẹ̀yìn. Ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀, ó kí mi. Lẹ́yìn náà ó lọ síwájú, ó sì ta ko wá.

Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè, wọ́n fi àwòrán inú rẹ̀ hàn lára ògiri: pátákó wa nínú òjò, a fi aṣọ búlúù wé e bí òkú. Ó ní, "Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń wà nílé lọ́sàn-án. Ọjọ́ Àìkú náà ni wọ́n máa ń bò ó. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe tó dára, kí ló dé tí wọ́n fi ń fi pamọ́ fún wa?"

Oyèrónkẹ́ fò dìde. "Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀! Kò sẹ́ni tó bo pátákó yẹn rí. Àwòrán yẹn…"

Mo dìde. Mo ní, "Èmi ni."

Ọ̀gbẹ́ni George ní, "Kí ló fà á, Bàbá?"

Mo ti to èdè Gẹ̀ẹ́sì tó dára sílẹ̀ lọ́kàn bí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè, gbogbo rẹ̀ ló sì fò lọ. Ohun tó kù ni mo sọ: "Ojú àwọn ará ìjọ mi ń tì mí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí ojú Oyèrónkẹ́, wọ́n dákẹ́.

Wọ́n dìbò pé kí a sún ọ̀rọ̀ wa sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí pátákó sì bẹ̀rẹ̀ ìdúró rẹ̀ lákọ̀tun láìsí aṣọ lórí rẹ̀. Láìsí ìbò àdúgbò, a ò lè dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. August kò sì ní dúró dè wá.

Lójú ọ̀nà I-20, Oyèrónkẹ́ kàn ń wo iwájú títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Lithonia. Lẹ́yìn náà ó ní, "Daddy, ṣé mò ń kó ìtìjú bá yín ni?"

Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ wo ojú mi, kí ẹ tún un sọ." Ó ń wakọ̀. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ wo ojú rẹ̀.

11 April, Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Mo wọ̀n ọ́n léraléra, ó túbọ̀ ń ga. Mo gbé ẹ̀rọ náà pamọ́.

13 April, Ọjọ́ Àìkú

N kò bò ó. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí Akíntóyè fi dé. Kí ó tó pa mọ́tò ni mo ti ń sọ ọ́, pé ọmọ mi fẹ́ máa ta ọtí, pé mo ti ń fi aṣọ bo pátákó kí ojú wọn má bàa tó o, pé bí wọ́n bá fẹ́ yọ mí nínú ìgbìmọ̀ díákónì, kí wọ́n yọ mí.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Bàbá Oyèrónkẹ́, a ti mọ̀."

"Ẹ ti mọ̀ báwo?"

"Ọmọ yín ti lọ bá pásítọ̀ láti February. Ó ní òun ò fẹ́ kí ìjọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Pásítọ̀ bá àwa àgbà sọ ọ́. A rí aṣọ tí ẹ ń dà bò ó. A ní ẹ ò fẹ́ ká mọ̀, a wá ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí.

Ó ní, "Ẹ dìde, kòtù yín á dọ̀tí. Ṣùgbọ́n kí n sọ tèmi o. N kò fọwọ́ sí i. Bí ọtí bá wọ inú ilé yẹn, èmi kò ní jẹun níbẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ìjà. Ẹ̀rí ọkàn mi ni."

Mo ní ó yé mi. Lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀bá títì ló já mi sí, kò wọ inú ọgbà. Pátákó náà ṣì wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé lójú tirẹ̀, ọtí ti wọlé ná.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo bi Oyèrónkẹ́ pé kí ló dé tí kò fi sọ fún mi pé òun ti bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Nítorí ẹ ò ní sùn ni. Ṣé ẹ wá sùn báyìí?"

20 April, Àjíǹde

Olúwa jíǹde. Oyèrónkẹ́ sè fún èrò púpọ̀. Ojúọjọ́ dára, atẹ́gùn rọra ń fẹ́. Ó bu ẹsẹ̀ ẹran fún mi, ó sì yọ egungun rẹ̀ kúrò. Mo rò pé ìbínú rẹ̀ ti ń rọ̀.

22 April, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo lọ kan ilẹ̀kùn Ọ̀ṣunlọlá. Mo ti pinnu láti lọ láti àná, mo sì ti yí ọkàn padà nígbà púpọ̀. Mo bẹ̀rù ohun tí n ó rí nínú ilé abọ̀rìṣà. Àga ni mo rí, àti tẹlifíṣọ̀n, àti àwo omi kan tó mọ́ lórí tábìlì funfun ní igun ilé. N kò wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ó bu omi fún mi mu, ó jókòó sílẹ̀. Mo ní kí ó jókòó sórí àga nínú ilé ara rẹ̀. Ó ní wọ́n kọ́ òun pé ọmọdé kì í bá àgbà dọ́gba. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni.

Mo ní, "Ọmọ mi, kí ni ọtí ṣe fún ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọtí kò ṣe mí ní nǹkan kan, Bàbá. Èmi fúnra mi a máa ra jíìnì. Igò ni."

"Igò?"

Ó ní kí Oyèrónkẹ́ tó gba ṣọ́ọ̀bù náà, ilé ọtí kan wà níbẹ̀. Ìdájí ni òun máa ń jí láti lọ wa bọ́ọ̀sì. Ní gbogbo òru tí àwọn yẹn bá ti palẹ̀ mọ́, wọ́n á gbé gbogbo igò, wọ́n á dà á sínú àpótí ìdọ̀tí onírin tó wà lábẹ́ fèrèsé òun. Ó fi ẹnu rẹ̀ ṣe ìró rẹ̀ fún mi: gbàrà-gìdì, gbàràrà! Lọ́jọ́ kan, oorun gbé òun lọ nídìí ọkọ̀ pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀. Taya ti gun ẹ̀bá títì kí òun tó jí. Kò sẹ́ni tó fara pa. "Mo ṣì ń rí ojú ìyá àgbà kan nínú díńgí ọkọ̀, Bàbá. Ó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ dání."

Mo gbé ife omi náà kalẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní, "Kò sí igò kan tí yóò wọ inú àpótí yẹn lóru. Òwúrọ̀ ni, nígbà tí o bá ti lọ síbi iṣẹ́."

"Ta ló máa rí sí i? Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fẹ́ tètè lọ sílé."

"Èmi."

"Ẹ̀yin fúnra yín? Bàbá, ẹni ọdún mélòó ni yín?"

"Mọ́kàndínlọ́gọ́rin."

Ó wò mí. "Àti ọjọ́ Àìkú ńkọ́? Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń sùn pẹ́."

N kò tíì ronú dé ibẹ̀. Mo ní, "Ọjọ́ Àìkú, n ó máa rọra tò wọ́n síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyin."

Mo dé ilé tán ni mo rántí pé n kò bi Oyèrónkẹ́ kí n tó ṣèlérí. Mo sọ fún un. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Daddy, ẹ̀yin, pẹ̀lú igò bíà lọ́wọ́? Ní gbangba?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wo ojú rẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́.

4 May, Ọjọ́ Àìkú

Akíntóyè gbé mi lọ, ó gbé mi bọ̀. Ẹ̀bá títì. Ó bi mí bóyá ọkà tí Salimat ń rò ṣì dán bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní kí ó wọlé wá wò ó. Ó ní rárá.

8 May, Ọjọ́bọ̀

Wọ́n dìbò fún wa. Ọ̀ṣunlọlá dìde, ó sọ ọ̀rọ̀ igò náà ní gbangba, ó ní bí a bá mú ìlérí wa ṣẹ, òun kò ní ẹjọ́. Ọwọ́ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ sókè. Àwọn kan kò gbà, wọn kò pọ̀. Ọ̀gbẹ́ni George bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n má tún sá aṣọ mọ́.

16 May, Ọjọ́ Ẹtì

A lọ ra iṣu ní Duluth. Ó ti wọ́n sí i. Oyèrónkẹ́ ní ìgbìmọ̀ yóò pè wá ní 3 June. Mo bi í pé bí mọ́tò bá kọṣẹ́ lójú I-20 lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ó ní a ó gba táksì. Bí táksì náà bá kọṣẹ́ ńkọ́? Ó ní, "Daddy, ẹ lọ jẹun."

3 June, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mọ́tò kò kọṣẹ́. A dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n bi Oyèrónkẹ́ pé ta ni yóò máa ṣọ́ ọjà lálẹ́, báwo ni yóò ṣe mọ ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó mutí, kí ni yóò ṣe fún ẹni tó bá ti mu àmupara. Ó ní ọdún púpọ̀ lòun fi tọ́jú àwọn ọ̀mùtí nílé ìwòsàn, òun mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó la ẹnu. Obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè pé ṣé ẹnikẹ́ni wà níbí tó ta kò ó. Ikọ́ ti ń rìn mí lọ́fun láti ìgbà tí a ti jókòó. Mo há a mọ́ ọ̀fun kí wọ́n má bàa rò pé mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Omi dà lójú mi. Ẹni tó jókòó tì mí rò pé mò ń sunkún, ó fún mi ní pépà ìnujú.

Wọ́n fọwọ́ sí i. Ó ku kí ìwé náà dé tábìlì olórí ìlú. Nígbà tí a jáde síta mo hú ikọ́ náà tán, Oyèrónkẹ́ sì ń fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pè mí ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ máa ń pè mí.

20 June, Ọjọ́ Ẹtì

Láísẹ́ńsì dé. Oyèrónkẹ́ kàn di Salimat mọ́ra.

22 June, Ọjọ́ Àìkú

Àná ni a kọ́kọ́ ta ọtí. Tábìlì kún títí a fi tì. Kò sí ẹni tó jà, kò sí ẹni tó bì. Oyèrónkẹ́ ní bí yóò bá rí báyìí títí di August, òun yóò tún àdéhùn náà ṣe.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n ti kó igò alẹ́ àná sínú apẹ̀rẹ̀ dè mí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Apẹ̀rẹ̀ náà wúwo ju bí mo ti rò lọ. Mo ti wọ kòtù ìsìn. Kọ́tíìnì Ọ̀ṣunlọlá ṣì wà ní títì. Mo gbé ọmọrí àpótí sókè, mo fi èjìká dì í mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọra to igò sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òórùn bíà ń jáde lẹ́nu wọn. Mo ti ń bẹ̀rù pé yóò lẹ̀ mọ́ aṣọ mi, tí gbogbo ìjọ yóò gbọ́ ọ lára mi nígbà orin àkọ́kọ́.

Mo gbọ́ ìró mọ́tò. Kò dúró ní ẹ̀bá títì bí ó ti máa ń ṣe. Mo ti pẹ́, Akíntóyè sì wọ inú ọgbà wá wò mí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn yí ilé ká, ó bá mi pẹ̀lú igò kan lọ́wọ́ ọ̀tún, òmíràn lọ́wọ́ òsì.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Díákónì." N kò gbé igò náà sẹ́yìn.

Ó wò mí, ó wo apẹ̀rẹ̀. "Ẹ dà á sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ká máa lọ."

Mo fi orí júwe fèrèsé. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ẹnì kan ń sùn, pé mo ti ṣèlérí.

Ó gbójú sókè wo fèrèsé náà. Lẹ́yìn náà ó yọ aṣọ ìnujú rẹ̀ nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi mú igò kan lọ́rùn nínú apẹ̀rẹ̀, ó nà án sí mi jìnnà sí kòtù rẹ̀.

"N kò ní jẹun níbẹ̀ o," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ẹni tó ń gbàdúrà jẹ́jẹ́ lọ.

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Ẹ mú èyí tó kàn wá."